Ewé àti Hóró Oògùn: Ẹnu Ẹ̀rọ Kan Náà Ni Wọ́n Ń Dí



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ń dán wa wò pẹ̀lú àìsàn, tí Ó sì ń fi ìwòsàn ṣàánú wa. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò ṣàjèjì sí ilé kankan: oògùn ìrora tí a ń rà ní kẹ́míìsì, àti àgbo tí a ń mu fún ìrora kan náà.

Nínú ààwẹ̀ kan tó ti kọjá, ìyá kan nínú jàmáà wa níbí ní Adó-Èkìtì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí a ń kí ìrun àṣámù lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rò pé ebi ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú wọn ti funfun, àtẹ́lẹwọ́ wọn tutù, òógùn sì bò wọ́n. A bi ọmọ wọn obìnrin léèrè bí wọ́n ṣe ń yàgbẹ́. Ó ní láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ìgbẹ́ wọn ti dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ṣùgbọ́n àwọn rò pé àgbo tí wọ́n ń mu ló fà á. Kì í ṣe àgbo. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn wọn, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn mọ́jú, àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n sì fà sí wọn lára kí ojú wọn tó dá.

Nígbà tí ara wọn mókun, a ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò fún orúnkún wá kí a wò ó. Nǹkan mẹ́rin ló jáde láti inú láílọ́ọ̀nù: kápúsù piroxicam tí wọ́n ń gbé mì lẹ́yìn sàárì, ìyẹ̀fun aspirin tí wọ́n ń dà sẹ́nu lẹ́yìn ìṣínu bí orí bá ń fọ́ wọn, ìgò àgbo làkúrègbé tí wọ́n rà ní Ọjà Ọba, àti ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ tí aládùúgbò kan bù fún wọn. Ìyá wò wá, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, oògùn òyìnbó kan péré ló wà níbẹ̀. Èkejì, ìyẹ̀fun lásán ni. Àwọn tó kù, ewé àti egbò igi ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí a kọ èyí. Lójú ìyá, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú ikùn wọn, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan náà láìsí iyèméjì, ata ilẹ̀ pupa ń fara jọ ọ́, ti inú ìgò kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹ bá ka ìyókù àlàyé yìí, ẹ ó mọ ohun tí a ní lọ́kàn.

Kí ló ń mú kí ibi tó ń dùn wá wú?

Bí ènìyàn bá fi ọkọ́ ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko, kí ilẹ̀ tó ṣú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro ó. Ohun mẹ́rin yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọlọ́hun ló fi wọ́n sínú ara kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré dé ibi tó bàjẹ́, kí ọmọ ogun ara lè bá kòkòrò jà, kí ọgbẹ́ lè jinná.

Báwo ni ara ṣe ń ṣe é? Nínú awọ tó bo gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni irú ọ̀rá kan wà. Bí ibì kan bá fara pa, ara á bù nínú ọ̀rá náà, á sì gbé e fún òṣìṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù COX. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ́ńsáìmù jẹ́, ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lọ́jà. Odidi ata wọlé lókè, ata lílọ̀ jáde nísàlẹ̀, ẹ̀rọ wà bó ṣe wà, ó ń retí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńsáìmù rí. Ọ̀rá wọlé sínú COX, ohun tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ló jáde. Prostaglandin yìí ló ń sọ fún ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kí ó là, tí ibẹ̀ fi ń pọ́n tó sì ń wú. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé kí ara gbóná. Òun náà ló ń mú kí iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ máa pariwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LOX. Ọ̀rá kan náà ni òun náà ń lọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ń fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó ní ikọ́ fée.

Lára ẹni tó ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀rọ á dákẹ́, iṣẹ́ á parí. Ṣùgbọ́n Èkìtì ni wá. A mọ ohun tí ogójì ọdún nídìí ebè iṣu àti nídìí odó iyán ń ṣe fún ẹ̀yìn àti orúnkún. Bí oríkèé bá ti gbó, tàbí tí ìwọ̀n ara bá pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń lọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń wá ohun tí a ó fi dí i lẹ́nu.

Láti ara igi ni hóró aspirin ti wá

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ọ̀tọ̀ ni ti ewé, ọ̀tọ̀ ni ti oògùn òyìnbó. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Igi kan wà nílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní willow. Ní ọdún 1763, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone, kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London pé òun ti fi èèpo igi náà tí òun gún kúnná wo àwọn tí ara wọn ń gbóná, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e yọ èròjà inú èèpo náà. Ṣùgbọ́n ó ń ta ikùn. Ní ọdún 1897, Felix Hoffmann, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, tún irú èròjà yẹn ṣe títí ó fi di ohun tí à ń pè ní aspirin lónìí.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ní ọdún 1918, Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyẹ̀fun Alábùkún ní Abẹ́òkúta. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Aspirin àti káfíìnì ni ó wà nínú rẹ̀. A kò sọ èyí láti bú ìyẹ̀fun náà. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó da Alábùkún sẹ́nu ti lo aspirin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé hóró rẹ̀ mì. Kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán.

Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí gbogbo ayé fi ń mu aspirin láìmọ ohun tó ń ṣe nínú ara. Ọdún 1971 ni John Vane, onímọ̀ oògùn ní London, fi hàn pé ńṣe ni aspirin ń dí ẹ̀rọ tó ń ṣe prostaglandin. Ní ọdún 1982, òun àti àwọn onímọ̀ méjì láti Sweden, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson, jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí.

Gbogbo oògùn inú ẹgbẹ́ yìí ló ń dí ẹnu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn kò dí i bákan náà. Aspirin dà bí ẹni tó fi sìmẹ́ǹtì dí i: ẹ̀rọ tó bá ti dí, kò tún ní lọ̀ mọ́, àyàfi kí ara ṣe òmíràn. Àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń dí ojú ọgbẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe òmíràn, nítorí náà bí wọ́n ṣe máa wà nìyẹn títí wọn yóò fi kú, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ bí ó bá ti lo aspirin láìpẹ́. Ibuprofen, diclofenac àti naproxen dà bí ẹni tó fi àkísà dí i: lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ara á fa àkísà náà yọ. Piroxicam sì ń pẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì tí ènìyàn ti lo kápúsù kan, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e mì lárààárọ̀ ń kó ti òní lé ti àná àti ti ìjẹta.

Paracetamol ńkọ́? Kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí gan-an. Inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ibi tó wú lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ẹ̀dọ̀ ni a ń bẹ̀rù fún nídìí rẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró 8 ti míligíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24, bí ara ẹni bá sì ti gbó tàbí tó gbẹ, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ibà. Kí ẹ ka ara páálí kí ẹ tó kà á sí oògùn ọ̀tọ̀.

Ẹ̀rọ méjì ló wà, kì í ṣe ọ̀kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ rí i pé COX pín sí méjì. COX-2 ni alágbàṣe tí ara ń pè nígbà tí ibì kan bá fara pa. COX-1 ni ti inú ilé: kò fara pa o, kò gbóná o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Prostaglandin tí COX-1 ń ṣe ló ń mú kí ikùn ní ìkẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi kíkan inú rẹ̀. Nínú kíndìnrín, prostaglandin ló ń jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé là sílẹ̀, pàápàá nígbà tí omi ara bá dín kù. Òun náà ló wà nídìí dídì ẹ̀jẹ̀.

Aspirin, ibuprofen, diclofenac, naproxen àti piroxicam kò mọ ti ilé yàtọ̀ sí ti àlejò dáadáa. Wọ́n ń dí méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọgbẹ́ inú tí a ń pè ní ọ́sà ti ń wá. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi oúnjẹ ti oògùn yìí, ó dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò tó, nítorí pé láti inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ti ń bá ikùn. Ìdí kan náà ni kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ diclofenac bọ́ lọ́wọ́ ọ́sà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún wa pé, “Mo ní ọ́sà, ẹ fún mi lábẹ́rẹ́.” Ìdí ni wọ́n gún un, ṣùgbọ́n yóò dé ikùn.

Àwọn onímọ̀ wá ronú pé, ẹ jẹ́ kí a dí COX-2 nìkan. Rofecoxib, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Vioxx, jáde ní ọdún 1999. Ikùn rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù September ọdún 2004, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, nítorí ó hàn pé àwọn tó ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ ń ní ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Celecoxib, tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, ṣì wà lọ́jà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tó ní àrùn ọkàn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ tí Ọlọ́hun fi sínú ara tí a lè dí lásán tí kò ní ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ti ewé àti èso ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí orógbó àti orúnkún ríro. Ènìyàn 84 ló bá wọn parí rẹ̀, 60 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí: àwọn kan lo naproxen, àwọn kan lo celecoxib, àwọn kan lo orógbó tí wọ́n wọ̀n ní míligíráàmù 200, àwọn ìyókù lo ohun tí kò ní oògùn ìrora nínú. Ẹni tó ń lò ó kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Kí ni wọ́n rí? Ìrora àwọn tó lo orógbó dín kù dáadáa ju ti àwọn tí kò lo oògùn lọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí orógbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ju hóró oògùn méjèèjì lọ, agbára rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lára tó tiwọn. Àwọn dókítà náà sọ pé ó yẹ kí wọ́n tún ṣèwádìí sí i láti mọ ìwọ̀n tó tọ́ àti ohun tí lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ yóò ṣe.

Ohun tó wà nínú orógbó ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n rí i pé kolaviron kì í jẹ́ kí ara to ẹ̀rọ COX-2 tuntun pọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà yìí yàtọ̀ díẹ̀: àwọn kan ń dí ẹnu ẹ̀rọ, àwọn kan kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé. Ibi kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.

Ata ilẹ̀ tí a ń pè ní jínjà, tí Àlùkùránì dárúkọ nínú Sūratul-Insān nígbà tó ń sọ ohun mímu àwọn ará àlùjánńà, ní èròjà tó ń dí COX àti LOX nínú àyẹ̀wò. Ata ilẹ̀ pupa náà ní tirẹ̀. Ní Thailand, wọ́n gbé àbájáde kan jáde ní ọdún 2014 lórí ènìyàn 367 tí orúnkún ń ro. Ìdajì lo èròjà ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n fún sínú kápúsù, míligíráàmù 1,500 lójúmọ́. Ìdajì lo ibuprofen, míligíráàmù 1,200. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrora àwọn méjèèjì dín kù bákan náà, inú rírun sì kéré lára àwọn tó lo ti ata ilẹ̀ pupa. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, àwọn aláṣẹ ní Italy kìlọ̀ nítorí àwọn kan tí ẹ̀dọ̀ wọn wú lẹ́yìn tí wọ́n lo kápúsù ata ilẹ̀ pupa. Èyí tí a ń fi se ọbẹ̀ kò ní ohun tó ń bani lẹ́rù. Èyí tí wọ́n fún agbára rẹ̀ pọ̀ sójú kan, oògùn ni.

Habbatus-Sawdā’ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ohun tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa rẹ̀ nínú hàdíìsì tí Abū Hurayrah gbà wá. A gbà á gbọ́. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní King’s College ní London fi òróró rẹ̀ àti èròjà inú rẹ̀ tí ń jẹ́ thymoquinone dán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dí COX àti LOX. Ṣùgbọ́n inú ìgò àyẹ̀wò ni èyí. Ìgbàgbọ́ wa nínú ohun tí Ànábì sọ kò ní kí a má béèrè ìwọ̀n, kò sì ní kí a fi ojú fo àìsàn mìíràn tó wà lára. Ànábì kan náà ló ní kí a máa wá ìwòsàn.

“Ti ìṣẹ̀dá ni, kò lè pani lára”

A máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu jàmáà. Ìdáhùn wa ni pé bí ohun kan bá lágbára tó láti dí ẹ̀rọ ara, ó lágbára tó láti dí èyí tí a kò fẹ́ kí ó dí. Bí kò bá sì lágbára, kò ní mú ìrora lọ. Kò lè jẹ́ méjèèjì.

Ewu tó tóbi jù kì í ṣe ti ewé nìkan tàbí ti hóró oògùn nìkan. Àpapọ̀ wọn ni. Aspirin mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, jínjà, áyù àti ata ilẹ̀ pupa ní àpọ̀jù lè tún kún un, piroxicam sì ti bọ́ ìkẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ lára ikùn. Bí ó bá wá ṣẹ̀jẹ̀, kò ní tètè dá. Ti àgbo inú ìgò tún ṣòro jù, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pé wọ́n yẹ oògùn ìbílẹ̀ wò, wọ́n sì bá diclofenac tàbí dexamethasone tí wọ́n ti lọ̀ mọ́ ọn. Bí àgbo bá mú ìrora ọlọ́dún mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fura. Kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ti paraga, tí wọ́n fi ògógóró rẹ, kò yẹ kí a máa sọ ọ́ láàárín Mùsùlùmí. Ọtí ni, ó sì ń ta ọgbẹ́ inú.

Nígbà ààwẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Lẹ́yìn sàárì ni wọ́n ń gbé piroxicam mì, wọ́n sì máa ń fi omi díẹ̀ àti ẹ̀kọ tútù ṣe sàárì. Láti ìgbà náà títí di Mọ̀gàríbì, ikùn ṣófo, omi kò sí, oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ pariwo lára tiwọn. Lára ẹlòmíràn, kíndìnrín ni, kíndìnrín kì í sì í pariwo. Àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀. Bí a bá fi diclofenac kún méjèèjì yìí lọ́jọ́ tí omi ara ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín lè dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, kí Rọ̀mọ̀dánù tó wọlé, ẹ gbé gbogbo oògùn yín lọ bá dókítà tàbí apòògùn. Ó lè yí àkókò rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn ìṣínu, lẹ́yìn oúnjẹ gidi àti omi. Ó lè fún yín ní èyí tí a ń fi para. Ohun tí a fi pa awọ ara kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ṣe sọ. Bí ó bá sì ní kí ẹ má gbààwẹ̀, ẹ má wò ó bí ìjákulẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn nínú Sūratul-Baqarah. Ẹ bi Ìmáàmù yín bí ẹ ó ṣe san án tàbí bí ẹ ó ṣe bọ́ tálákà.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dá oògùn ẹgbẹ́ aspirin lò láìbéèrè

• Ẹni tó ti ní ọ́sà rí, tàbí tó ti bì ẹ̀jẹ̀ rí.

• Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín. Àwọn oògùn yìí lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

• Aláboyún, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, tí oyún bá sì ti dàgbà, ó lè ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn ọmọ náà pa kí àsìkò tó tó. Ẹni tí dókítà bá fún ní aspirin kékeré nínú oyún, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

• Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16: kò gbọdọ̀ lo aspirin tàbí ìyẹ̀fun tó ní aspirin nínú, àyàfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè kọlu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀.

• Ẹni tó ní ikọ́ fée. Bí COX bá dí, ọ̀rá tó yẹ kó gba ibẹ̀ lè darí sí LOX, èémí á sì fún pọ̀ lára àwọn kan.

• Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Fún ẹni yìí, kápúsù jínjà, áyù àti ata ilẹ̀ pupa náà wà nínú ìbéèrè.

Ẹni tí dókítà fún ní aspirin kékeré nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ wa yìí dá a dúró. Kí ó kàn jẹ́ kí a mọ̀ kí ó tó ra ibuprofen, nítorí ibuprofen lè jókòó sí ẹnu ẹ̀rọ kí aspirin má ráyè wọlé.

Kí ni kí a wá ṣe?

Ẹ lo oògùn kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ yìí, ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, fún ọjọ́ tó kéré jù. Bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí ìrora kò lọ, dókítà ló kàn, kì í ṣe páálí mìíràn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún wa, títí kan àgbo. A kò ní bú yín. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì tó dà bí kọfí, ìtọ̀ tó dín kù tàbí ẹsẹ̀ tó ń wú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún orúnkún, ẹ fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ dín ìwọ̀n ara kù, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú paracetamol. Ẹni tí sùjúdù bá ń ni lára, kí ó jókòó kírun. ‘Imrān ọmọ Husayn bi Ànábì nípa ìrun nítorí àìsàn tó ń ṣe é, Ànábì sì gbà á láyè láti jókòó bí kò bá lè dúró. Ìyá wa kò fẹ́ jókòó lórí àga ní mọ́ṣáláṣí, ojú ń tì wọ́n. Nítorí kí wọ́n lè ṣe bí àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń gbé kápúsù mì lójoojúmọ́.

Nísinsìnyí wọ́n ń jókòó. Àga mẹ́rin la tò sí ẹ̀yìn sàfù àwọn obìnrin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń kún ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Láílọ́ọ̀nù oògùn wọn ti fúyẹ́: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí dókítà fún ikùn wọn, àti paracetamol fún ọjọ́ tí ó bá le. Ata ilẹ̀ pupa ti padà sí ìdí ààrò. Wọ́n ní ọbẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀yin náà, bí a bá ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ẹ kó ti inú láílọ́ọ̀nù yín wá kí a jọ wò ó. Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi ìmọ̀ ṣọ́ wa lọ́wọ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa gbé mì. Āmīn.